Abdulfatai Adìwé àti Ojú Ìwé Mẹ́rìndínlógún Tó Sọnù

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì, obìnrin kan tó fi káàdì iṣẹ́ ìjọba kọ́ ọrùn dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìdìwé kan ní Ìdí-Orò, ní Mùṣin. Agogo mẹ́wàá kò tíì lù. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì páálí, ó ń ṣẹ́ bébà po, ó sì ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kí ìṣẹ́po náà lè mú. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti àgbàlagbà lọ.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ta ló ni ọmọ yìí?"

Abdulfatai, tó ń fi gọ́ọ̀mù kun ẹ̀yìn ìwé, gbójú sókè. "Èmi ni mo bí i, mà."

"Kí ló dé tí kò sí nílé ìwé?"

"Ilé ìwé rẹ̀ nìyí, mà."

Nínú ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìpè àti kàlẹ́ńdà, Tìrìmísíyù atẹ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Ó parí! Ọ̀gá tíṣà, wọ́n ti wá yẹ iṣẹ́ ẹ wò o!"

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Salome Ọlápàdé ni orúkọ òun, òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni òun, wọ́n sì ti pe ọ́fíìsì àwọn lórí fóònù pé ọkùnrin kan ń fi ọmọ ṣiṣẹ́ ní àsìkò tó yẹ kó wà nílé ìwé. Ó wo ṣíbí tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó wo òkìtì bébà. Lẹ́yìn náà ló yọ ìwé kan nínú fáìlì, ó kọ orúkọ sí i, ó sì fi lé Abdulfatai lọ́wọ́.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ṣòro lóye. Kí Abdulfatai mú ọmọ rẹ̀, Sìmíátù, àti gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì àwọn ní Yábà ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọn yóò dán ọmọ náà wò. Bí baba rẹ̀ kò bá lè fi hàn pé ọmọ náà ń gba ẹ̀kọ́ tí òfin ní kí gbogbo ọmọ gbà, wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwé ìjọba tó sún mọ́ ilé wọn jù lọ, ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ yóò sì di ti ilé ẹjọ́.

Sìmíátù kà á tán láti ẹ̀gbẹ́ baba rẹ̀. Ó gbé ṣíbí náà kalẹ̀.

*

Ilé ìwé ìjọba tó sún mọ́ ilé wọn jù lọ ni ilé ìwé tí baba rẹ̀ ti mú un kúrò.

Nígbà tí Sìmíátù wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, èéyì ṣe é, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn ní etí ọ̀tún mọ́. Bí o bá dúró sí apá òsì rẹ̀, kò sí ohun tí o sọ tí kò ní gbọ́. Bí o bá dúró sí apá ọ̀tún, tàbí bí o bá jìnnà sí i nínú ariwo, ó di kó máa wo ẹnu rẹ. Ọmọ náà sì ga. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n máa ń fi àwọn ọmọ tó ga sí, kí wọ́n má baà dí àwọn kúkúrú lójú. Mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n nínú kíláàsì náà. Ní ìparí ọdún, Sìmíátù ṣe ipò kọkànléláàádọ́rin. Tíṣà kọ ọ́ sí ìwé èsì rẹ̀ pé ọmọ náà kì í fetí sílẹ̀.

Abdulfatai lọ sí ilé ìwé náà. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ọmọ òun síwájú, wọ́n sì gbé e síwájú. Nígbà tí tíṣà tuntun dé, ó tún padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan, Abdulfatai gba àyè, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì fún wákàtí kan. Etí rẹ̀ méjèèjì ló pé, síbẹ̀ kò gbọ́ ju ìdajì ohun tí tíṣà sọ lọ. Kò bínú sí tíṣà náà, nítorí ohùn rẹ̀ ti ń há. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kò mú Sìmíátù lọ síbẹ̀ mọ́. Ọmọ náà wà ní Píráímárì Kẹta nígbà náà.

Abdulfatai fúnra rẹ̀ kò kàwé jìnnà. Ìwé mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdírì ló dé tí baba rẹ̀ kú, wọ́n sì fi í sí ẹnu iṣẹ́ ìdìwé. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa ń lù ú nítorí pé ó ń ka ohun tí wọ́n ní kó rán. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti kọjá, kò tíì jáwọ́. Ó ti di ìwé ìṣirò, ìwé ìṣègùn, Àlùkùránì, ìwé orin Mẹ́tọ́díìsì, àti àkójọ ìdájọ́ fún àwọn lọ́yà. Kò sí èyí tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò ka díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Bàṣírátù, máa ń sọ pé ọkọ òun mọ àárín gbogbo nǹkan, àmọ́ kò mọ ìparí ìkankan.

Bàṣírátù ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìlúpéjú. Ó máa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó sì máa ń dé ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Nítorí náà, baba ló ń kọ́ ọmọ ní òwúrọ̀, ìyá ló ń kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́. Láti agogo mẹ́jọ títí di agogo méjìlá, Sìmíátù máa ń jókòó kí baba rẹ̀ lè wà ní apá òsì rẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà sáyẹ́ǹsì. Tó bá rẹ̀ ẹ́, ó máa ń ṣẹ́ bébà po fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bàṣírátù ń kọ́ ọ ní Yorùbá, ó sì ń bá a ka ìwé ìròyìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìwé ìpè dé, Bàṣírátù ka ìwé náà lórí ìdúró, kò tíì bọ́ bàtà.

"Ẹ rí i, Bàbá Sìmíátù? Mo sọ ọ́. Mo ní kí ọmọ yìí má máa ṣẹ́ bébà níbi tí ará ìta ti lè rí i."

"Ìsinmi rẹ̀ ni."

"Ta lẹ fẹ́ sọ ìyẹn fún? Èmi gan-an tí mo jẹ́ ìyàwó yín, mi ò gbà á gbọ́."

Sìmíátù dá sí i. "Mọ́mì, mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Dákẹ́, kò sẹ́ni tó bi ẹ́." Bàṣírátù jókòó, ó sì fa ọmọ náà mọ́ra. "Ṣé o fẹ́ padà sí ẹ̀yìn kíláàsì yẹn?"

Ọmọ náà mi orí.

"Ó dáa. Ká wá ẹni tó mọ òfin."

*

Ẹni tó mọ òfin ni Adùnọlá, lọ́yà kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà, ní ọ̀nà Sùúrùlérè. Oníbàárà Abdulfatai ni. Ní ọjọ́ kejì, Abdulfatai gbé ìwé ìdájọ́ méjìlá tó ti dì fún un lọ, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì fi ìwé ìpè lé wọn lórí.

Adùnọlá kà á. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

"Lọ́yà, ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ ọmọ mi fúnra mi àbí mi ò ní? Mo ka òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé yẹn nígbà tí mò ń dì í fún yín."

"Ẹ kà á tán?"

"Mo ka ibi tó bọ́ sí mi lọ́wọ́."

Adùnọlá rẹ́rìn-ín. "Ibi tí kò bọ́ sí yín lọ́wọ́ ló le. Ẹ gbọ́. Òfin ní kí gbogbo ọmọ gba ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, láti píráímárì títí dé ìwé mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdírì. Ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ gbà á, bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè kìlọ̀ fún un, wọ́n sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ òfin náà dá lé. Kò ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, kí ó fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n fún òun láyè. Àwọn èèyàn ń ṣe é ní Èkó yìí, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọ ọ́fíìsì yẹn tí ẹ ń pariwo ẹ̀tọ́, ẹ̀yin àti wọn yóò jọ máa pariwo ni."

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ fi ojúṣe yín hàn wọ́n. Ohun tí ọmọ ti kọ́, ọjọ́ tó kọ́ ọ, ibi tó kù sí. Tí wọ́n bá rí i pé ojúṣe náà pé, ẹnu wọn yóò rọ̀ lórí ẹ̀tọ́." Ó tún wo ìwé ìpè náà. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó ń ṣiṣẹ́."

"Ìsinmi rẹ̀ ni, Lọ́yà."

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí adájọ́ tó máa pe iṣẹ́ òòjọ́ yín ní ìsinmi ọmọ yín. Láti òní lọ, ọmọ yẹn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bébà oníbàárà ní àsìkò ẹ̀kọ́. Tó bá fẹ́ sinmi, ẹ jẹ́ kó máa fò kiri."

Abdulfatai gbà. Ó padà sí Mùṣin, ó sì kó gbogbo ìwé àjákọ Sìmíátù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jọ. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Ó tò wọ́n ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ó fi abẹ́rẹ́ rán wọn pọ̀, ó sì fi páálí líle àti aṣọ búlúù wọ̀ wọ́n. Ìwé ńlá mẹ́ta ló jáde. Ó fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ ọmọ náà sí ẹ̀yìn wọn, bó ṣe máa ń kọ orúkọ àwọn adájọ́.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyáàfin Ọlápàdé ṣí ìwé búlúù àkọ́kọ́, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó rántí pé inú rẹ̀ ló yẹ kí òun wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Abdulfatai wí, "tí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ bá mi bọ́ sí apá òsì rẹ̀. Etí yẹn ló ń gbọ́ràn."

Obìnrin náà wò ó díẹ̀, ó dìde, ó sì gbé àga rẹ̀ yí tábìlì ká.

Ó fún Sìmíátù ní ojú ìwé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kó kà. Sìmíátù kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Ó bi í bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú èèyàn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti eyín, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ láìfo nǹkan kan, títí Ìyáàfin Ọlápàdé fi ní, "Ó tó, ó tó, a ti dé ibi tó yẹ ká dúró." Ó fún un ní ìṣirò: ìlọ́po, ìpín gígùn, ìdá, àti ìwọ̀n ilẹ̀. Ọmọ náà gba gbogbo rẹ̀. Bàṣírátù, tó gba àyè níbi iṣẹ́ nítorí ọjọ́ náà, ti ń tún gèlè rẹ̀ wé bí ẹni tó fẹ́ máa lọ sílé.

"Èyí tó kẹ́yìn," ni Ìyáàfin Ọlápàdé wí. "Ọmọ ogójì ló wà nínú kíláàsì kan. Pasẹ́ńtì márùndínlọ́gọ́rin nínú wọn ló wá lónìí. Ọmọ mélòó ló wá?"

Sìmíátù wo ẹnu rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sórí bébà.

Ọmọ náà wo àmì tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà, òdo kékeré méjì àti ìlà kan láàárín wọn. "Mi ò mọ èyí, mà. Kí ni pasẹ́ńtì?"

Ọwọ́ Bàṣírátù dúró lára gèlè. Ìyáàfin Ọlápàdé gbé bírò kalẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yìí gbọ́dọ̀ ti ṣe pasẹ́ńtì. Kò sí bí a ṣe lè pe ẹ̀kọ́ yìí ní ẹ̀kọ́ tó pé. Ó dùn mí, nítorí orí ọmọ náà pé. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹni tí mo ń jíṣẹ́ fún."

Ojú Abdulfatai ṣú. Ó mọ̀ pé òun kò fo nǹkan kan. Láti èèpo iwájú títí dé èèpo ẹ̀yìn ni òun àti ọmọ náà ti ṣe ìwé ìṣirò náà, ojú ìwé kan tẹ̀ lé èkejì. Ó bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ló máa ń ṣáájú pasẹ́ńtì nínú ìwé?"

"Dẹ́símà."

Ó fa ìwé ìṣirò náà yọ nínú àpò. Ó wá ibi tí dẹ́símà wà, ó ṣí i sílẹ̀, ó sì ń ṣí ojú ìwé lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, kò ka ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ó yí ìwé náà dúró, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí òwú wà, ó sì fi èékánná ka àwọn ìṣẹ́po náà bí ẹni ń ka eegun ìhà. Ó kà á tán, ó tún kà á.

"Ìṣẹ́po kan wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì," ni ó wí.

"Kí ni ẹ sọ?"

"Bébà ńlá kan ni wọ́n fi ń tẹ ìwé, mà. Tí a bá ṣẹ́ ẹ po, ó máa di ojú ìwé mẹ́rìndínlógún. Ìṣẹ́po là ń pè é. Àwa adìwé ló ń to ìṣẹ́po lé ara wọn kí a tó rán an. Níbí, ìṣẹ́po kẹfà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìkeje ò sí. Ojú ìwé kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún títí dé ìkejìléláàádọ́fà. Ibẹ̀ ni pasẹ́ńtì wà."

"Ṣé ẹ ò rí nọ́ńbà ojú ìwé ni?"

"Ẹ̀rọ ìgéwèé ti gé e lọ. Ìdí tí oníbàárà fi dá ìwé náà padà nìyẹn, tó fi di tèmi. Ìwé tí oníbàárà bá kọ̀ ni mo fi ń kọ́ ọ." Ó gbé ìwé náà kalẹ̀. "Èmi ni mo dì í, mà. Èmi náà ni mo gé e."

Ìyáàfin Ọlápàdé wo ìwé náà, ó sì wo Sìmíátù. "Ṣé o ò rí i pé ohun kan náà lo ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì?"

"Mo rí i, mà," ni Sìmíátù dáhùn. "Mo sọ fún Bàbá pé a ti ṣe é. Bàbá ní àtúnyẹ̀wò ni."

Bàṣírátù bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì dájú bóyá ẹkún ni.

"Òótọ́ ló sọ," ni Abdulfatai wí. "Mo ní ìwé rere kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ náà rí i, èmi ni mi ò gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má kà á sí i lọ́rùn, mà."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ìyáàfin Ọlápàdé rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ̀ ọ́ padà, ojú rẹ̀ ti le.

"Mo gba ohun tí ẹ sọ gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè dédé ro irú irọ́ báyìí jọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín. Pasẹ́ńtì nìkan ló sọnù ni, àbí àwọn nǹkan mìíràn wà tí ẹ ò mọ̀? Òbí tó bá gba iṣẹ́ tíṣà ṣe ti gba ojúṣe tíṣà pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fún yín. Ẹ padà wá pẹ̀lú ìwé tó pé. Ogún ìbéèrè ni n óò béèrè, láti ibi gbogbo. Tí kò bá gba mẹ́rìndínlógún, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni yóò wọ ilé ìwé, n kò sì ní lè ṣe nǹkan kan sí i."

*

Ní ọjọ́ kejì, Abdulfatai ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara rẹ̀. Ó kó gbogbo ìwé tí ó fi ń kọ́ ọmọ náà sílẹ̀, ó sì ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí ó máa ń ṣe fún ìwé oníbàárà kí ó tó rán an: ó ka ìṣẹ́po. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì pé. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, ìṣẹ́po kan sọnù, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji. Nínú ìwé nípa àwùjọ, ìṣẹ́po méjì gba ipò ara wọn. Ó jókòó sórí àpótí ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lérán.

Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò tún fi ìwé tí ẹnikẹ́ni kọ̀ kọ́ Sìmíátù mọ́. Òun àti Bàṣírátù lọ sí ilé ìtàwé kan ní Yábà, wọ́n ra gbogbo ìwé náà ní odindi. Bàṣírátù kò jẹ́ kí wọ́n sanwó títí ọkọ rẹ̀ fi ka ìṣẹ́po gbogbo wọn lójú àwọn olùtajà.

"Ṣé ẹ rò pé a máa ta èyí tí kò pé ni?" ni ọmọbìnrin tó ń tajà bèèrè.

"Kì í ṣe ẹ̀yin là ń fura sí," ni Bàṣírátù dáhùn. "Adìwé là ń fura sí. Mo fẹ́ ọ̀kan, mo mọ̀ wọ́n."

Ó tún fi òfin tuntun lélẹ̀ nílé: bí Sìmíátù bá ní "a ti ṣe é," baba rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró, kí wọ́n sì yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Abdulfatai fọwọ́ sí i.

Wọ́n fi bébà kọ́ pasẹ́ńtì. Abdulfatai ka ọgọ́rùn-ún bébà sílẹ̀, ó yọ mẹ́wàá, ó yọ ogún, ó yọ márùndínlọ́gbọ̀n. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí ó fi yé ọmọ náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti ń ka àjákù bébà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìgéwèé.

"Bàbá, pasẹ́ńtì mẹ́rin nínú bébà yín ló ń bàjẹ́."

Tìrìmísíyù yọ orí láti ṣọ́ọ̀bù kejì. "Ọ̀gá tíṣà! Ọmọ tí o bí ti di aláyẹ̀wò! Yóò lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́!"

"Bọ̀dá Tìrìmísíyù," ni Sìmíátù wí, "mo ti ka tiyín náà. Mọ́kànlá ni."

Orí náà padà wọlé. Láti ìgbà náà, ó di kó máa gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ọmọ náà tó dé.

Òjìji àti ìmọ́lẹ̀ gbà wọ́n ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Wọ́n gbé dígí jáde sínú oòrùn, wọ́n fi ìlà sàmì sí ilẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń kọjá sì ń dúró wò wọ́n. Bàṣírátù máa ń bi ọmọ náà ní ìbéèrè nígbà tó bá ń dáná, ó máa ń bi í nígbà tó bá ń di irun fún un. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa padà lọ sí Yábà, Sìmíátù ní òun kò lè jẹun. Ìyá rẹ̀ pẹ̀lú kò jẹun. Baba rẹ̀ jẹ tiwọn mọ́ tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù máa ń mú kí ebi pa á.

*

Ìyáàfin Ọlápàdé ti gbé àga rẹ̀ sí apá òsì kí wọ́n tó wọlé.

Ó fún Sìmíátù ní ogún ìbéèrè lórí bébà, ó sì fún un ní wákàtí kan. Kò jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ jókòó nínú yàrá náà. Abdulfatai àti Bàṣírátù dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo pátákó ìkìlọ̀ kan tí wọ́n ti kà ní àìmọye ìgbà. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n pè wọ́n wọlé, Ìyáàfin Ọlápàdé sì ń fi bírò pupa sàmì lọ láìgbójú sókè.

"Méjìdínlógún nínú ogún," ni ó wí nígbà tó parí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ náà. "Pasẹ́ńtì mélòó nìyẹn?"

"Àádọ́rùn-ún, mà."

"O tọ̀nà."

Bàṣírátù pariwo "Alihamudulilai!" débi pé ẹnì kan láti yàrá kejì wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Abdulfatai mú bébà ìdánwò náà, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó sì fi èékánná tẹ ojú rẹ̀ kó mú dáadáa. Nígbà tó rí ohun tí ó ń ṣe, ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì tún un tẹ́.

"Ó ku ẹnì kan tí a kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀," ni Ìyáàfin Ọlápàdé wí. "Sìmíátù, ìwọ lọ̀rọ̀ kàn. Kí lo fẹ́? Sọ òótọ́. Má wo ojú Bàbá."

Ọmọ náà ronú. "Mo fẹ́ parí píráímárì lọ́dọ̀ Bàbá, mà. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ lọ sí sẹ́kọ́ńdírì bíi ti àwọn yòókù, mo fẹ́ ní ọ̀rẹ́. Àmọ́ iwájú ni mo fẹ́ jókòó sí, ní ọwọ́ ọ̀tún kíláàsì, kí tíṣà lè wà ní apá òsì mi."

"O ti rò ó dé ibi àga tí wàá jókòó lé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti pẹ́."

Abdulfatai wo ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ó fẹ́ ọ̀rẹ́. Ó fi orí gbà á.

Ìwé tí Ìyáàfin Ọlápàdé kọ kò gùn, ó sì kà á sókè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Abdulfatai àti Bàṣírátù lè máa kọ́ ọmọ wọn nílé títí yóò fi parí Píráímárì Kẹfà. Wọn yóò máa kọ ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ lójoojúmọ́ sílẹ̀, wọn yóò sì mú un wá sí ọ́fíìsì ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan. Sìmíátù yóò ṣe ìdánwò àṣewọ sẹ́kọ́ńdírì pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba, ní àga iwájú. Kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ oníbàárà ní àsìkò ẹ̀kọ́. Ọ́fíìsì lè wá wò wọ́n nígbàkígbà, láìsọ tẹ́lẹ̀.

"Nígbàkígbà," ni Ìyáàfin Ọlápàdé tún sọ, ó sì wo Abdulfatai lójú. "Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé mo máa ń wá."

"Ẹ máa bọ̀, mà," ni Abdulfatai wí. Ó fọwọ́ sí i níbi tí wọ́n kọ "Òbí" sí. Nígbà tó rí i pé ìlà kejì wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ "Olùkọ́" sí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ kí ó tó fọwọ́ sí ìyẹn náà.

Ìyáàfin Ọlápàdé wá lóòótọ́. Ó wá ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn náà, ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tìrìmísíyù rí i lókèèrè, ó fẹ́ kígbe, ó rántí pé àsìkò ẹ̀kọ́ ni, ó sì gbé igbe náà mì. Nínú ṣọ́ọ̀bù, tábìlì ti mọ́, bébà oníbàárà wà lókè pẹpẹ. Sìmíátù dúró níwájú pátákó kékeré kan pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó ń ṣàlàyé ìdí tí òjìji fi ń kúrú ní ọ̀sán gangan, baba rẹ̀ sì jókòó sórí àpótí, ó ń gbọ́.

Abdulfatai rí obìnrin náà, ó sì fẹ́ dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì parí," ni Sìmíátù wí. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jókòó. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Abdulfatai wà láàárín ìdìde àti ìjókòó, ó ń wo òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ náà bóyá yóò bínú.

Ìyáàfin Ọlápàdé wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó sì gbé fáìlì rẹ̀ lé itan láìṣí i.

"Máa bá a lọ, tíṣà," ni ó wí. "Mò ń gbọ́."